Kí O Tó Ra Jíìpù tàbí Píkọ́ọ̀pù Wọ Ọ̀nà Oko

 Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń rí yín tí ẹ ń padà sí oko. Ní Ìdànrè, ní Ilé-Olújìí, ní Òkè-Ògùn àti ní Ìbàràpá, ọ̀dọ́ tó kàwé ti ń gbin kòkó, ó ń gbin àgbàdo, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Bí owó bá sì ti wọlé díẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Bàbá, ṣé jíìpù ni kí n rà àbí píkọ́ọ̀pù?" Iṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti fi Land Rover wọ abúlé, mo ti fi Peugeot 504 wọ ọ́, mo sì ti fi Hilux wọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ nìyí, ẹ jẹ́ kí n kà á sílẹ̀ fún yín.

1. Ka ènìyàn kí o tó ka àpò.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ oko, àpò ló máa ń kọ́kọ́ kà: àpò kòkó mélòó, àpò ajílẹ̀ mélòó, apẹ̀rẹ̀ tòmátò mélòó. Ènìyàn ni kí ìwọ kọ́kọ́ kà. Àwọn mélòó ló ń bá ọ lọ sóko láàárọ̀? Mélòó ló ń bá ọ bọ̀ nírọ̀lẹ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ tó ń ti abúlé lọ síléèwé ńkọ́? Ìyá àgbà tó ń bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọjà pé kí o gbé òun dé ojú títì ńkọ́? Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún odidi oṣù kan, kí ó sì jẹ́ oṣù ìkórè, kì í ṣe ìgbà tí oko dákẹ́.

Ìdí tí mo fi fi èyí ṣáájú ni pé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kì í ṣe ibi ìjókòó. Ojoojúmọ́ la ń rí i: àwọn lébìrà, ọmọ Ẹ̀gbìrà, ọmọ Tífì, àwọn ọmọ tiwa náà, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lórí àpò, tí wọ́n na ẹsẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tí dírẹ́bà sì ń sáré kí ilẹ̀ má ba à ṣú. Kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, kò sí òrùlé, kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Bí dírẹ́bà bá tẹ bíréékì lójijì, ọkọ̀ yóò dúró, àwọn tó wà lórí ẹrù kò ní dúró. Eré tí ọkọ̀ ń bá bọ̀ ni ara wọn yóò máa bá lọ títí wọn yóò fi bá ilẹ̀. Bí wọ́n bá sì jókòó lórí àpò, ìwúwo ọkọ̀ ti gòkè, kọ́ọ̀nà tí ì bá gbà wọ́ọ́rọ́wọ́ lè dà á nù. Ó ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí i, nítorí pé ọ̀gá oko náà yóò di bẹ́líìtì tirẹ̀ níwájú. Bí lébìrà rẹ bá kú sójú ọ̀nà, kò sí owó kòkó tó lè parí ọ̀rọ̀ náà ní ilé bàbá rẹ̀ ní Òkènè.

Nítorí náà, bí ìwé tí o kọ bá fi hàn pé ènìyàn mẹ́fà tàbí méje ni ò ń gbé lójoojúmọ́, tí ẹrù kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ra jíìpù alájókòó méje, kí o máa háyà ọkọ̀ ẹlẹ́rù lọ́jọ́ tí kòkó bá gbẹ. Bí ẹrù bá jẹ́ ti ojoojúmọ́, tí ènìyàn kò sì ju mẹ́rin lọ, píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni tìrẹ. Bí méjèèjì bá pọ̀, ra píkọ́ọ̀pù náà, ṣùgbọ́n kó ènìyàn lọ lọ́tọ̀, kó ẹrù lọ lọ́tọ̀, bó tiẹ̀ di ìrìn mẹ́ta. Epo ìrìn yẹn kì í ṣe ìnákúnàá.

2. Ṣe ìṣirò kílò.

Àpò kòkó 16 là ń kà sí tọ́ọ̀nù kan. Àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ kílò 50, 20 rẹ̀ ni tọ́ọ̀nù kan. Píkọ́ọ̀pù bíi Hilux, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe é láti gbé, onílẹ̀kùn mẹ́rin mìíràn kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò sì rò ni pé àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ wà nínú ìṣirò náà. Àgbàlagbà márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 75, ti gba kílò 375. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti tọ́ọ̀nù kan gan-an, ó ku kílò 625, ìyẹn àpò kòkó mẹ́wàá péré. Síbẹ̀, mo ń rí àwọn tó ń di àpò 20 lé e, tí imú ọkọ̀ ń wo òkè. Táyà iwájú tí kò tẹ ilẹ̀ dáadáa kò ní gbọ́ràn sí ọwọ́ rẹ lẹ́nu lórí kọ́ọ̀nà, bíréékì rẹ̀ kò sì ní mú bó ṣe yẹ.

Jíìpù ńkọ́? Ènìyàn méje nínú rẹ̀ ti jẹ́ kílò 525, ó kù díẹ̀ tí yóò fi kún. Má ṣe di àpò sórí rẹ̀ kí o lè rí ààyè. Ọkọ̀ gíga tí ẹrù wà lórí rẹ̀ kò jìnnà sí ìdojúdé.

Wo gígùn ẹ̀yìn náà pẹ̀lú. Ti píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn méjì máa ń ju mítà méjì lọ, ti onílẹ̀kùn mẹ́rin kò ju nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Ẹni tó ń kó pákó, páànù tàbí igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn, onílẹ̀kùn méjì ló máa wúlò fún un jù, ó sì máa ń dínwó.

3. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wo abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gíga tó ń gba ìgboro Ìbàdàn àti Èkó kọjá, ọkọ̀ títì ni wọ́n. RAV4, Highlander, Honda CR-V, Honda Pilot, Lexus RX: bọ́dì wọn àti ìsàlẹ̀ wọn, ohun kan náà ni. Wọ́n dára, wọ́n rọrùn láti jókòó sí, ṣùgbọ́n bí o bá fi wọ́n gba ọ̀nà olókùúta lójoojúmọ́, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ìlẹ̀kùn á máa wọ́ bí o bá fẹ́ pa á dé, abẹ́ á máa dún. Land Cruiser, Prado, 4Runner àti Lexus GX yàtọ̀. Wọ́n ní ṣáásì: irin gígùn méjì tí irin wẹ́wẹ́ so pọ̀ bí àkàbà, tí a wá gbé bọ́dì lé lórí. Irin yẹn ló ń jìyà ọ̀nà, bọ́dì kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Hilux, L200, Navara, Ford Ranger àti Isuzu D-Max ní in pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí píkọ́ọ̀pù tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹrà tán tó ṣì ń gbé ẹ̀gẹ́ jáde ní oko.

Má fi orúkọ nìkan rà á, béèrè ọdún rẹ̀. Nissan Pathfinder ti 2005 sí 2012 ní ṣáásì. Èyí tó jáde láti 2013 kò ní títí di òní. Láti 2011 ni Ford Explorer náà ti fi ṣáásì sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á fún ọ lè má mọ̀ ọ́n rárá.

Àwọn kan máa ń sọ pé jíìpù jẹ́ ọkọ̀ olówó, pé àgbẹ̀ gidi kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Land Rover àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní Amsterdam ní 1948, àgbẹ̀ ni Maurice Wilks ní lọ́kàn tó fi ṣe é. Jíìpù ológun Amẹ́ríkà kan tó ń lò ní oko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey, ní Wales, ló fún un ní èrò náà. Oko ni ọkọ̀ yẹn ti wá.

4. Mọ bí fọ́ọ̀ wíìlì ṣe ń ṣiṣẹ́ kí o tó sanwó rẹ̀.

Kọ́kọ́ rí i dájú pé ó wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta Tacoma kan tí wọ́n ń pè ní PreRunner. Ó ga bí ti fọ́ọ̀ wíìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Wọ́n ta 4Runner tó rí bẹ́ẹ̀ náà. Hilux oníwíìlì méjì sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Dojú bolẹ̀ níwájú ọkọ̀, kí o wò bóyá irin wà tó ti ibi gíà wá sí táyà iwájú méjèèjì. Bí o kò bá rí i, kò sí fọ́ọ̀ wíìlì níbẹ̀, ohun yòówù tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

Ní Hilux oní-fọ́ọ̀ wíìlì, táyà ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ìwọ lo máa fi gíà kékeré tàbí bọ́tìnì pe ti iwájú wá. Ní ọ̀pọ̀ Prado àti Land Cruiser ńlá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ọkọ̀ bá ń gba kọ́ọ̀nà, ibi tí táyà iwájú máa rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Prado ní ohun kan láàárín tó ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Hilux kò ní in. Ẹni tó bá fi Hilux sí 4H, ìyẹn kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ṣiṣẹ́ pọ̀, lórí títì ọlọ́dà gbígbẹ, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ irin gíà rẹ̀. Inú ẹrọ̀fọ̀, iyanrìn tàbí ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni kí o ti lò ó, kí o sì ti fi sí i kí o tó wọ ẹrọ̀fọ̀, kì í ṣe ìgbà tí o bá rì tán. Ti 4L, ìyẹn fọ́ọ̀ wíìlì onígíà wúwo fún ìrìn pẹ̀lẹ́, nígbà tí o bá ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè bíi ti ìhà Ìdànrè ni mo fẹ́ràn rẹ̀ jù; ẹ́ńjìnnì ni yóò máa di ọkọ̀ mú, bíréékì rẹ kò ní gbóná títí tí yóò fi kọ̀ fún ọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùfẹ́ píkọ́ọ̀pù kì í sọ. Bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, iwájú ló wúwo nítorí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn á fúyẹ́. Síprìńgì ẹ̀yìn rẹ̀ sì le, torí ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Lójò, lórí ilẹ̀ pupa, ìdí ọkọ̀ òfìfo á máa yọ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Lórí kòtò, á máa ta ẹni tó jókòó sẹ́yìn sókè. Ìyá tí ẹ̀yìn ń dùn kò lè fara dà á pẹ́. Jíìpù ju píkọ́ọ̀pù lọ níbí, kò sí àríyànjiyàn. Bí píkọ́ọ̀pù lo bá ní, di àpò iyanrìn méjì tàbí mẹ́ta mọ́lẹ̀ dáadáa sórí ibi tí táyà ẹ̀yìn wà nígbà tí o bá ń bọ̀ lófo lójò.

Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù, ọmọ ìyá àwọn 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. A fi wọ ibi tí ọ̀pọ̀ jíìpù òde òní ń bẹ̀rù. Àwọn dírẹ́bà ìgbà yẹn máa ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrọ̀fọ̀ wò, wọ́n á gé igi tẹ́ ẹ, kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé oṣù méjì péré ni ọ̀nà oko rẹ ń bàjẹ́ lọ́dún, ọkọ̀ oníwíìlì méjì pẹ̀lú irú sùúrù yẹn lè tó ọ, kí o fi owó tó kù kún ajílẹ̀.

5. Omi.

Bí odò bá kún bo ọ̀nà, sọ̀ kalẹ̀ kí o fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Bí omi bá ga ju ìdajì táyà lọ, tàbí tó ń ṣàn kíkankíkan, dúró dè é kó fà. Bí omi bá wọ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, tí ọkọ̀ sì kú sínú odò, má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kejì láé. Omi kò ṣe é tẹ̀ pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Irin inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀. Kí wọ́n fa ọkọ̀ jáde, kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì, kí ó sì lé omi jáde kí ẹnikẹ́ni tó tún gbìyànjú rẹ̀.

6. Tòkunbọ̀.

Toyota kì í ta Hilux ní Amẹ́ríkà. Tacoma, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ ní Houston tàbí Baltimore bá fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sí ọ, Tacoma, Tundra tàbí Ford F-150 ló máa jẹ́. Ọkọ̀ tó lágbára ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí o tó gbà á, lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, tàbí sí Àrárọ̀mí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, kí o béèrè pátì rẹ̀. Ti Hilux pọ̀ níbi gbogbo, títí dé ìlú kékeré. Ti àwọn wọ̀nyẹn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pátì Hilux kò sì ní ṣàdédé wọ̀ wọ́n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìpẹtà. Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà tí yìnyín ń bọ́, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn á sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó di ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ wọn. Ní 2016, Toyota gbà láti parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là, nítorí ṣáásì tó ń dípẹtà lára Tacoma ti 2005 sí 2010, Tundra ti 2007 sí 2008, àti Sequoia ti 2005 sí 2008. Wọ́n lè kun bọ́dì kó máa dán bíi tuntun, kí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú bo ìpẹtà abẹ́ rẹ̀. Mú òòlù kékeré dání, máa kan ṣáásì láti iwájú dé ẹ̀yìn, ní pàtàkì níbi tí síprìńgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Irin tó dára á dún ketekete. Bí ó bá dún gbùù, tàbí tí òòlù wọlé, kò sí iṣẹ́ wẹ́dà tí mo lè fọkàn tán lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbé ọ àti àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ ló ti jẹrà yẹn.

Béèrè pẹ̀lú bóyá àgbàrá ti bo ọkọ̀ náà rí. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó jà ní Texas ní oṣù Kẹjọ 2017, ọkọ̀ tí omi bò kò lóǹkà. Nọ́ńbà ṣáásì tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi wádìí ìtàn ọkọ̀ náà kí ó tó sanwó.

Ní ti ọkọ̀ tó ń gba Kùtọnu wọlé: láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti ní kò gbọdọ̀ sí ọkọ̀ tí yóò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, kí gbogbo rẹ̀ gba ojú omi. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fi fàyàwọ́ kó wọlé lè dínwó lójú rẹ lónìí, kí àwọn aṣọ́bodè sì gbà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la pẹ̀lú kòkó lẹ́yìn rẹ̀.

7. Epo.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó ra jíìpù onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ fún oko ń fi èrè oko bọ́ ọkọ̀ ni. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó fún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ yín. Dísẹ́ẹ̀lì lágbára fún ẹrù, ṣùgbọ́n nọ́sù ti òde òní kò fẹ́ràn epo ìdọ̀tí; bí ibi tí o ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì kò bá mọ́, ra ti bẹtiróòlù.

8. Ọkọ̀ rẹ yóò di ti abúlé.

Ní abúlé tí kò ní ọkọ̀ mìíràn, ìlẹ̀kùn rẹ ni wọn yóò kàn lóru tí ọmọ bá ń gbóná tàbí tí aboyún bá ń rọbí. N ò rò pé ẹnìkan nínú yín máa kọ̀. Nítorí náà, kà á mọ́ ìṣirò rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú jíìpù, o lè tẹ́ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Nínú píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó lè dùbúlẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn, ó há, ṣùgbọ́n ó ṣe é ṣe. Onílẹ̀kùn méjì kò ní ààyè yẹn rárá, àárín ìwọ àti ìlẹ̀kùn nìkan ni. Má gbé aláìsàn sẹ́yìn gbangba. Ọmọ mi tí abúlé rẹ̀ jìnnà sí ilé ìwòsàn, bí owó rẹ bá gbé e, èyí nìkan tó láti fi yan onílẹ̀kùn mẹ́rin dípò méjì.

Yíyá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹrù ìyàwó, páànù ilé, òkú tí wọ́n fẹ́ gbé lọ ìlú rẹ̀: ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù ni wọ́n máa wá bá. Gbé wọn lọ fúnra rẹ bí o bá ráyè, kí wọ́n ra epo. Má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tí kò mọ 4H yàtọ̀ sí 2H, ìyẹn táyà ẹ̀yìn nìkan, lọ́wọ́.

9. Má rà á nítorí kí wọ́n lè yà fún ọ lójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ àwọn aláṣẹ àti ọlọ́pàá ni píkọ́ọ̀pù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2020, lórí píkọ́ọ̀pù la ti ń rí àwọn náà. Ọ̀dọ́ kan á ra Hilux, á fi iná aláwọ̀ búlúù sí i, á fi sáírìnì sí i. Yọ ọ́ kúrò. Ó lòdì sófin, ó sì ń fa ojú àwọn tó ń wá Hilux jí gbé. Fi ẹ̀rọ tó ń tọpasẹ̀ ọkọ̀ sí ibi tó fara sin, kí o sì kúrò lọ́nà oko kí ilẹ̀ tó ṣú.

10. Wà á ní ibi tí o ti máa lò ó.

Ọ̀pọ̀ yín ń ra ọkọ̀ lórí títì tó tẹ́jú: ẹ wà á lọ síwájú, ẹ wà á padà, ẹ tan áàsì, ẹ sanwó. Mú mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà dání. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà ilẹ̀ tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fi sí 4H, kí ó rìn nínú iyanrìn tàbí ẹrọ̀fọ̀. Fi sí 4L, kí ó gun òkè, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé o tẹ bíréékì púpọ̀. Tẹ́tí sí i bóyá ó ń ro lábẹ́. Dúró, pa á, bẹ̀rẹ̀ wo bóyá epo ń jò níbi gíà àti níbi táyà iwájú. Gbé ènìyàn mẹ́rin sínú rẹ̀ kí o tún gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹni tó ń tà á bá ní títì ọlọ́dà nìkan lòun fẹ́ kí o ti wà á, dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un, kí o wọ ọkọ̀ èrò padà sílé.